Owó àti Ọ̀rẹ́: Ṣé Wọ́n Lè Jọ Gbélé?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé bí owó bá ti wọ àárín ọ̀rẹ́ méjì, ìfẹ́ ti tán nìyẹn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, èsúsú ì bá ti parẹ́ láàárín Yorùbá tipẹ́tipẹ́.

Àlùfáà Samuel Johnson sọ nípa èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá lábẹ́ olórí kan, a ó sì kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan títí yóò fi kárí. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá ₦20,000 lóṣooṣù, ẹni tí ó kọ́kọ́ kó ₦200,000 ti jẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ₦180,000. Ẹni ìkẹyìn sì ti yá gbogbo wọn lówó láìgba èlé. Kí ni ó fi ọkàn lé, bí kò ṣe ìwà wọn?

Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun kò gbàgbé rẹ̀. Susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad, asue ní Bahamas, títí di òní.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gan-an ní Àbújá. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Èkó wá síhìn-ín ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, 1991, ọmọ Ọ̀yọ́, Èkìtì, Ìjẹ̀bú àti Okun ti di aládùúgbò ara wọn ní Kubwa, Nyanya àti Lugbe. Onílé ń gba owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, owó oṣù kò sì ká a. Èsúsú ni ó ń yọ ọ̀pọ̀ ìdílé. Ṣùgbọ́n ní ilé, bí ẹnì kan bá kó èsúsú tí ó sá, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni a ó lọ. Níhìn-ín, ó lè kó ẹrù lóru, kí ó sì pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù. Òwe ni pé ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbàafà. Opó tí yóò wá bẹ̀bẹ̀ àyè lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò jẹ ìyà náà.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ó ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù nísinsìnyí, tí ẹnìkan kò rí ojú ẹnìkejì. Ẹ jẹ́ kí a máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí a kọ orúkọ àti ìgbà tí yóò kàn olúkúlùkù sínú ìwé. Kí ẹni titun mú onídùúró wá. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ó tètè sọ, kí a lè tún owó dídá rẹ̀ tò. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò sì gbé ₦20,000, kí a má ṣe yọ ọ́ kúrò nínú ìkómọ wa.

Owó tí a kà lójú gbogbo wa kì í ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Èyí tí a fi pamọ́ ni ó ń bà á jẹ́.