Katakata Àtijọ́ Inú Abà Aládùúgbò: Bí Mùsùlùmí Ṣe Lè Rà Á àti Bí Ó Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba, Ẹni tó jẹ́ kí á mọ̀ nínú Súrátu l-Hadíìd pé Òun ló fi agbára àti ọ̀pọ̀ àǹfààní sínú irin fún ọmọ ènìyàn. Irin ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ amánà náà ni.

Bí ẹ bá rìn káàkiri Òkè Ọya níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, ẹ ó máa rí katakata ògbólógbòó tí wọ́n tì sí kọ̀rọ̀ abà, tí adìyẹ ń yé ẹyin sórí àga rẹ̀. Ẹni tó ń kọjá lọ yóò ní pàǹtí ni. Àwọn oníbólà tó ń ra irin ní kílò kílò yóò ní pàǹtí ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni pàǹtí.

Ọ̀kan wà lẹ́yìn ilé aládùúgbò wa ní Zaria. Ọmọ Ọ̀ffà ni bàbá náà. Ó ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra Massey Ferguson 135 àlòkù kan, èyí tó fi ń ro oko àgbàdo àti oko sóyà. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó wà á wọ inú abà, ó sì fi tapólì bò ó. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni ó papòdà. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí a sin bàbá tí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin fi pè mí, ó ní: "Àáfà, àwọn oníbólà ti dá iye lé irin yìí o. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ san iye tí wọ́n dá, kí ẹ máa wọ́ ọ lọ."

Inú mi dùn. Mo mú mẹkáníìkì kan lọ wò ó. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti gan, kò yí rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tú nọ́sù rẹ̀, tí a tan iná sí ihò rẹ̀, a rí i pé ìpẹtà inú rẹ̀ kò pọ̀. Katakata gidi ni ẹni tó ń tà á kà sí àlòkù irin. Mẹkáníìkì náà fi ìgúnpá gbún mi níhà, ó ní kí n dákẹ́, kí n sanwó. Èmi náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́.

Ta ló ni ín?

Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó béèrè pé èló ni ohun tí òkú fi sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ni ín. Bí Mùsùlùmí bá kú, ìnáwó ìsìnkú rẹ̀, gbèsè tó jẹ, àti wasíyà tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ ni a ó kọ́kọ́ yọ. Ohun tó kù di ti àwọn tó ń jogún rẹ̀. Súrátu n-Nisáì ti ya ìpín wọn sọ́tọ̀: ìdá kan nínú mẹ́jọ jẹ́ ti ìyàwó bí olóògbé bá ní ọmọ, ọmọkùnrin kan sì ń gba ìpín ọmọbìnrin méjì. Àkọ́bí ọkùnrin lè jẹ́ aṣojú ẹbí, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ni ogún.

Nígbà tí mo béèrè, mo rí i pé ìyá tó ṣì ń ṣe opó kò gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọbìnrin mẹ́ta tí bàbá bí kò gbọ́ pẹ̀lú, àbíkẹ́yìn wọn sì ṣì wà nílé ẹ̀kọ́. Ọmọ òrukàn ni, ìkìlọ̀ tó wà nínú Súrà yẹn kan náà fún ẹni tó bá ń jẹ dúkìá ọmọ òrukàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Mo ní kí á dá owó náà dúró títí gbogbo wọn yóò fi jókòó.

Ẹ má ṣe fi àìmọ̀ ẹlòmíràn ṣe èrè

Hàdíìsì tí Hakim ọmọ Hizam gbà wá, tó wà nínú Bukhari àti Muslim, kọ́ wa pé bí olùtà àti olùrà bá sọ òótọ́, tí wọ́n sì ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀, àlùbáríkà yóò wà nínú òwò wọn. Bí wọ́n bá parọ́ tí wọ́n sì fi nǹkan pamọ́, àlùbáríkà náà yóò pòórá. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé olùtà tó ń bo àléébù ọjà mọ́lẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Olùrà tó mọ iyì ọjà, tó sì rí i pé opó àti ọmọ òrukàn kò mọ̀ ọ́n, ńkọ́?

Nígbà tí ẹbí pé jọ, mo sọ ohun tí mẹkáníìkì rí fún wọn. Wọ́n fi owó lé e. Èyí tí mo san wá sún mọ́ ìlọ́po méjì iye tí àwọn oníbólà dá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì san án. A kọ ọ́ sílẹ̀, a dá ọjọ́ tí n ó san ìyókù, ẹlẹ́rìí méjì sì fọwọ́ sí i, gẹ́gẹ́ bí Súrátu l-Bákárà, ààyá 282, ti pa á láṣẹ nípa gbèsè. Ó dun àpò mi, ṣùgbọ́n kò dun ọkàn mi.

Ohun tí ẹ ó wò kí ẹ tó sanwó

Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe Massey Ferguson 135, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1964. Ẹ́ńjìnì Perkins oníhò mẹ́ta tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ló wà nínú èyí tó wọ́pọ̀. Kò ní kọ̀ǹpútà kankan lára. Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì àdúgbò fi lè tú u kí ó sì tò ó padà. Apá irin mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí a ń fi ohun ìtúlẹ̀ kọ́, jẹ́ ọgbọ́n tí Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland, mú gbajúmọ̀. Orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára ẹ̀rọ náà.

Ẹ ka nọ́ńbà ara pátákó irin kékeré tó wà lára katakata náà, kí ẹ sì fi wé ti inú ìwé rẹ̀ bí ìwé bá wà. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì náà bá funfun bí kùnú, omi ti wọ inú ẹ́ńjìnì nìyẹn. Ẹ wo ara ẹ́ńjìnì bóyá ó sán. Ẹ mi táyà iwájú méjèèjì bóyá ìdí wọn ti jẹ. Táyà ẹ̀yìn wọ́n púpọ̀, nítorí náà ẹ ka owó rẹ̀ mọ́ owó tí ẹ ó ná. Ẹ wo wáyà pẹ̀lú, nítorí eku kì í fi wáyà inú abà sílẹ̀.

Bí a ṣe ń jí i

Bí ẹ́ńjìnì bá gan, ẹ má ṣe fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ pé kí ó lè yí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lè tẹ̀ tàbí kí ó kán. Ẹ tú nọ́sù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ da dísẹ́ẹ̀lì tí a pò mọ́ ọ́ìlì sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, kí ẹ máa fi ọwọ́ mì í díẹ̀díẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ọjọ́ kẹfà ni tiwa yí. Ẹ rí i dájú pé ẹ yí i títí òróró inú ihò fi tú jáde kí ẹ tó dá nọ́sù padà. Ẹ da dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ nù, ẹ fọ táńkì, ẹ pààrọ̀ fílítà àti ọ́ìlì, kí ẹ sì lé afẹ́fẹ́ inú páìpù dísẹ́ẹ̀lì jáde kí ẹ tó ṣáná sí i.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Erùku ọyẹ́ ni ọ̀tá katakata ní Òkè Ọya. Abọ́ ọ́ìlì kan wà tó ń gba erùku kúrò nínú afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fọ̀ ọ́ lemọ́lemọ́. Ní àsìkò tí iṣẹ́ kò sí, ẹ máa ṣáná sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì títí yóò fi gbóná dáadáa. Ẹ kún táńkì rẹ̀ kí omi má baà ṣẹ sínú rẹ̀, ẹ tú orí bátìrì, ẹ fi gíríìsì sí gbogbo oríkèé rẹ̀, kí ẹ sì fi igi gbé e sókè kí táyà má baà bàjẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Irin tó ń yí lẹ́yìn katakata kò mọ ẹni tí ẹ̀wù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn pẹ̀lú hìjáàbù gígùn, jàlàbíà tàbí agbádá nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe gbé ọmọ jókòó sórí irin tó bo táyà. Ohun tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti so ó mọ́ ọn, nítorí bí ẹ bá so ó sókè, katakata lè dojú dé sẹ́yìn lé ẹni tó ń wà á lórí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ kò sì ní irin tó ń dáàbò bo awakọ̀.

Ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun nínú rẹ̀

Kò sí sàká lórí katakata tí a fi ń ṣiṣẹ́. Inú ìkórè ni sàká wà, bí ó bá ti pé òṣùwọ̀n: ìdá kan nínú mẹ́wàá lórí oko tí òjò ń bomi rin, ìdá kan nínú ogún lórí èyí tí a fi wàhálà bomi rin. Ẹ sì rántí ẹ̀kọ́ Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé sàráà ni ohun tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko bá jẹ nínú ohun tí Mùsùlùmí gbìn.

Katakata bàbá ọmọ Ọ̀ffà ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, oko ìyá náà ni a kọ́kọ́ ń túlẹ̀, a kì í gbowó. Ìyá a máa dúró létí oko, a máa ṣe àdúrà fún ọkọ rẹ̀, a sì máa ṣe fún èmi náà. Bí mo bá ti dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ojú wo ni n bá fi máa wò ó?

Kí Ọlọ́hun fi hàláàlì tó wa, kí Ó sì fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.