Bougainvillea: Òdòdó Ìgbà Ọ̀gbẹlẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí koríko iwájú ilé gbẹ, tí eruku sì bo ewé igi, òdòdó kan wà tí ó jẹ́ pé ìgbà náà gan-an ni ó máa ń tàn jù lọ. Orí ògiri àti ẹnu ọ̀nà ilé ni a sábà máa ń rí i, ní àwọ̀ àlùkò, pupa, àwọ̀ ọsàn tàbí funfun, pẹ̀lú ẹ̀gún lára ẹ̀ka rẹ̀. Bougainvillea ni orúkọ rẹ̀. A mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá síwájú ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ wa nítorí pé ó rọ ẹni tí kò ní àyè láti máa bomi rin òdòdó lójoojúmọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ewu ni ó máa ń dà bí a bá gbìn ín tán tí a kò bojú wò ó mọ́.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun òdòdó yìí. Ní ọ̀rúndún 18, Philibert Commerson, onímọ̀ ewéko ará Faransé, rí i ní ilẹ̀ Brazil, a sì fi orúkọ Louis-Antoine de Bougainville, olórí ìrìn àjò ojú òkun tí ó bá lọ, sọ ọ́. Ohun aláwọ̀ tí a ń pè ní òdòdó rẹ̀, ewé ni ní tòótọ́. Èyí kékeré tí ó funfun láàárín ni òdòdó gan-an.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, ni ó dára jù láti gbìn ín. Ẹ gé ẹ̀ka tí ó ti gbó díẹ̀, kí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì kì í bọ inú ilẹ̀dú tí a po mọ́ yanrìn, ní abẹ́ ibòji. Bí ó bá ti ta gbòǹgbò dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ibi tí oòrùn ti ń ràn fún wákàtí 6 ó kéré tán, tí omi kì í sì í dúró sí. Ẹ má ṣe tú ilẹ̀ tí ó yí gbòǹgbò rẹ̀ ká, nítorí gbòǹgbò náà kì í fẹ́ ìdíwọ́.

Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ máa bomi rin ín déédéé. Lẹ́yìn èyí, ẹ dúró kí ilẹ̀ gbẹ kí ẹ tó tún bomi sí i. Omi àpọ̀jù a máa jẹ gbòǹgbò rẹ̀ rà. Ìgbẹ́ adìẹ àpọ̀jù a sì máa mú kí ó hu ewé láìtanná.

Gígé ni iṣẹ́ tí a kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀. Orí ẹ̀ka tuntun ni ó ti ń tanná, nítorí náà, bí ìtànná kan bá ti parí, ẹ gé e wálẹ̀, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gańgáran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ má ṣe gbìn ín sí etí ọ̀nà tí àwọn ọmọdé ń gbà lọ sí ilé ìwé, tàbí sí kọ̀rọ̀ títì níbi tí kò ti ní jẹ́ kí awakọ̀ rí ẹni tí ń bọ̀. Ẹ má ṣe gbìn ín sí abẹ́ wáyà iná. Bí ẹ̀ka rẹ̀ bá ti kan wáyà, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ilé iṣẹ́ tí ń pín iná ní àdúgbò yín ni kí ẹ pè.

Ní ìparí, ẹ má ṣe da àwọn ẹ̀ka tí ẹ bá gé sínú gọ́tà, nítorí wọn a dí ọ̀nà omi, àgbàrá a sì gba ilé aládùúgbò. Bí a bá ń ya àkókò sọ́tọ̀ fún gígé rẹ̀ lẹ́yìn ìtànná kọ̀ọ̀kan, àdúgbò wa yóò lẹ́wà, ọ̀nà kò sì ní dí mọ́ ẹnikẹ́ni.