ILÉ NI A TI Ń KÓ Ẹ̀ṢỌ́ RÒDE
Ìpara olódòdó tí ìyá ilé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ lásán. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara wa ni, ẹ̀wù kan ṣoṣo tí olúkúlùkù ń wọ̀ títí dé ọjọ́ ikú, tí a kò sì lè bọ́ fún alágbàfọ̀.

Láìpẹ́ yìí ní Ìbàfò, a rí ọmọbìnrin kan tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù méjì, tí ó fi gèlè bo ojú ní ọ̀sán gangan. Ó ti ra ìpara kan ní ọjà, èyí tí a pò sínú ike tí kò ní orúkọ lára, nítorí wọ́n sọ fún un pé àwọ̀ rẹ̀ yóò mọ́ kí ọjọ́ ìyàwó tó pé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó mọ́ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ojú bó, ó ń ta á bí iná, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì sì dúdú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìyá rẹ̀ wí fún wa pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé, kí ọmọ ẹlòmíràn má baà kó sí i.” Nítorí náà ni a ṣe kọ ọ́.

Kí ni ó máa ń wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, hydroquinone ni, tàbí mẹ́kúrì. Ẹni tí ó bá fi hydroquinone para fún ìgbà pípẹ́, àwọ̀ tí ó ń wá funfun fún lè di dúdú bí èédú ní ojú àti ní oríkèé ìka. Mẹ́kúrì ní tirẹ̀ a máa gba ara wọlé, a sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Ní ọdún 2013 àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn kan tí a fi orúkọ Minamata pè, ìlú kan ní Japan níbi tí mẹ́kúrì ti wọ inú ẹja tí ó sì sọ àwọn ènìyàn di aláàbọ̀ ara. Àdéhùn náà ka ìpara amúnibó tí ó ní mẹ́kúrì mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe, kó wọlé tàbí kó jáde mọ́ láti ọdún 2020. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, àjọ NAFDAC pe bíbóra ní ọ̀ràn pàjáwìrì ní ọdún 2023. Síbẹ̀ ike aláìlórúkọ kò tíì tán lórí àtẹ.

Wàyí o, ẹni tí ó bá ní kí a má ra èyí, ó yẹ kí ó fi òmíràn hàn wá. Ní Mowé, ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, a wọ ilé ìyá kan tí kì í ra ìpara. Òrí ni ó ń lò, èyí tí ó ń rà ní ọjà Ìfọ̀, àti àdín àgbọn tí ó ń ṣe fúnra rẹ̀, àti òdòdó funfun wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní jasmine, tí ó gbìn sí ara ọgbà ilé rẹ̀. Òrí kì í ṣe ohun àná. Mungo Park, ará Skọ́tláńdì tí ó dé etí odò Ọya ní ọdún 1796, kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀.

Bí ẹ bá ti gbé òrí sí ẹ̀gbẹ́ ẹja gbígbẹ rí, ẹ ti mọ gbogbo àṣírí iṣẹ́ náà: ọ̀rá a máa fa òórùn ohun tí ó bá wà nítòsí rẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn ará Grasse ní ilẹ̀ Faransé fi di olókìkí nínú iṣẹ́ lọ́fíńdà. Láyé àtijọ́, wọn a máa to òdòdó jasmine sórí ọ̀rá títí ọ̀rá náà yóò fi gba òórùn rẹ̀.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. Gbé òrí sínú abọ́, kí o gbé abọ́ náà lé orí omi gbígbóná, kì í ṣe orí iná gan-an. Nígbà tí ó bá yọ́, fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ, kí ó nípọn tó ìka kan. Nígbà tí ó bá dì, já òdòdó tí ìrì kò sí lára rẹ̀, tò ó sórí òrí náà, kí o sì fi àwo mìíràn dé e. Ní ọjọ́ kejì, ṣa gbogbo rẹ̀ kúrò, kí o to tuntun. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Lẹ́yìn èyí, yọ́ òrí náà díẹ̀, nítorí iná púpọ̀ a máa lé òórùn lọ. Fi ṣíbí àdín àgbọn kan sí ṣíbí òrí mẹ́ta, sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o sì rò ó títí yóò fi tutù. Ìgò tí a ti sè tí ó sì gbẹ dáadáa ni kí o rọ ọ́ sí. Ẹ̀yìn ìwẹ̀, nígbà tí ara kò tíì gbẹ tán, ni kí a fi para, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́.

Ẹ má ṣe fi omi kankan kún un. Níbi tí omi bá wà, kòkòrò àìfojúrí a máa bí sí i, ìpara yóò sì bàjẹ́. Nítorí èyí náà ni ẹni tí ó bá rẹ òdòdó sínú omi láti fi bọ́jú gbọ́dọ̀ lò ó ní ọjọ́ náà, kí ó sì da ìyókù nù. Bí òórùn ìpara bá yí padà, ẹ dà á nù pẹ̀lú.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ kù. Kì í ṣe gbogbo òdòdó ni òdòdó ìpara. Olómi-òjò tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbìn yí ilé ká, tí òdòdó rẹ̀ dàbí agogo aláwọ̀ ìyeyè, májèlé ni láti gbòǹgbò dé èso. Ẹ má sì ṣe fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ara jáde sínú oòrùn, nítorí ó lè jó awọ bí iná. Ẹni tí irorẹ́ ń yọ lójú, kí ó má fi àdín àgbọn pa ojú. Ọmọ ọwọ́ kò nílò òórùn dídùn. Òrí lásán tó o. Olúkúlùkù sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa igun apá nínú, kí ó dúró di ọjọ́ kejì kí ó tó fi pa gbogbo ara.

A kò ní tàn yín jẹ: òdòdó yìí kò wo àrùn, kò sì yí àwọ̀ padà. Òórùn ni ó fi kún un. Òrí àti àdín ni ó ń mú ara jọ̀lọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tí ẹ sì ń rò pé ẹ ó fi ṣe òwò, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ forúkọ ọjà yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC, kí ẹ sì kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sára ìgò. Ẹni tí kò bá lè kọ ohun tí ó pò, kò yẹ kí ó tà á.

Ọmọbìnrin Ìbàfò náà ti pa ìpara ọjà tì, ó sì wà lọ́wọ́ dókítà awọ ara. Dókítà wí pé yóò pẹ́ díẹ̀. A béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá a sún ìgbéyàwó síwájú. Ó ní rárá o. Nígbà tí ọkọ àfẹ́sọ́nà gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó ní ta ni ó sọ fún un pé òun ń wá ẹni pupa, nígbà tí ó jẹ́ pé adúmáadán ni òun rí tí òun fi yà sí ilé wọn.