Ẹ̀rọ kọfí oní-pọ́ọ̀dù: Kí ló ń bá wa ṣe, kí ló sì fi sílẹ̀ fún wa?

Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ kọfí oní-pọ́ọ̀dù nílé, iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ kò pọ̀. Á bu omi sínú táǹkì, á ki pọ́ọ̀dù kan, ìyẹn ife kékeré tí wọ́n di kọfí lílọ̀ sí, bọ ẹnu ẹ̀rọ, á tẹ bọ́tìnnì. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan, espresso dúdú tó ní ìfófó lórí ti wà nínú ife. Ní ilé kọfí ní Milan tàbí Róòmù, ẹni tó ń po kọfí yìí ní láti kọ́ṣẹ́ kó tó lè ṣe é dáadáa. Òun ló ń pinnu bí kọfí ṣe máa kúnná tó, ìwọ̀n tó máa bù, bó ṣe máa kì í mọ́lẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó dá omi dúró. Ẹ̀rọ oní-pọ́ọ̀dù ti gba gbogbo iṣẹ́ yẹn ṣe. Ohun tó ṣẹ́ kù fún onílé kéré, àmọ́ òun ló ń sọ bóyá kọfí náà á dùn, bóyá ẹ̀rọ náà á pẹ́, àti ibi tí pọ́ọ̀dù tí a ti lò máa já sí.

Espresso kì í ṣe orúkọ irúgbìn

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé espresso jẹ́ irú kọfí kan tó ní igi tirẹ̀ lóko. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pò ó ló ń jẹ́ espresso: wọ́n á fi agbára ti omi gbígbóná gba inú kọfí tó kúnná, tí wọ́n ti kì mọ́lẹ̀ dáadáa, tó fi jẹ́ pé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, omi díẹ̀ ti fa adùn púpọ̀ jáde.

Àwọn ará Ítálì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Angelo Moriondo gba ìwé àṣẹ olùṣẹ̀dá (patent) lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ ní Turin lọ́dún 1884, Luigi Bezzera sì gba tirẹ̀ ní Milan lọ́dún 1901. Ooru omi híhó ni àwọn ẹ̀rọ ìgbà yẹn gbójú lé, agbára rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Kọfí wọn a máa korò bí ohun tó jóná. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni Achille Gaggia gbé ẹ̀rọ tó ń lo ọ̀pá àti sípíríǹgì jáde, ìgbà náà ni ìfófó pupa rúsúrúsú bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó lórí espresso. Lọ́dún 1961, ilé iṣẹ́ Faema gbé E61 jáde. Pọ́ǹpù oníná ló ń ti omi nínú ẹ̀rọ yẹn, bar 9 sì ni ìwọ̀n agbára tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ń lò títí dòní. Afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò kì í sábà ju bar 2 àti ààbọ̀ lọ. Àwọn tó ń ṣe pọ́ọ̀dù ní láti wá bí wọ́n ṣe máa kó irú agbára bẹ́ẹ̀ sínú ohun tí kò tó àtàǹpàkò méjì.

Ọkùnrin tó lọ wo kọfí ní Róòmù

Lọ́dún 1975, Eric Favre, ẹnjiníà ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Nestlé, lọ sí Róòmù pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Anna-Maria, ọmọ Ítálì. Ilé kọfí kan wà nítòsí Pantheon tó ń jẹ́ Sant'Eustachio, èrò a sì máa wọ́ lọ síbẹ̀ ju ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ. Tọkọtaya náà fẹ́ mọ ìdí. Bí Favre ṣe sọ ọ́, ẹni tó ń po kọfí níbẹ̀ kì í fa ọ̀pá ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bíi tàwọn yòókù. Ó ń fà á léraléra, afẹ́fẹ́ sì ń bá omi wọ inú kọfí. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mú kí ìfófó rẹ̀ pọ̀, kí òórùn rẹ̀ sì máa ta sánsán. Favre padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ṣe ife kékeré kan tí wọ́n dé pa, tí afẹ́fẹ́ máa há sí kí kọfí tó jáde. Nestlé gba ìwé àṣẹ lé e lórí lọ́dún 1976.

Ó yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tà wàràwàrà, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá kọjá kí wọ́n tó dá ilé iṣẹ́ Nespresso sílẹ̀, lọ́dún 1986. Àwọn ọ́fíìsì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ bá, ọjà ò sì yá. Jean-Paul Gaillard, tó dé lọ́dún 1988, ló yí ọ̀nà padà. Ó ní àwọn onílé tó rí jájẹ ni kí wọ́n lọ bá, ó sì dá ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà sílẹ̀, tó jẹ́ pé ọwọ́ ilé iṣẹ́ náà nìkan ni wọ́n ti ń ra pọ́ọ̀dù. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe ẹ̀rọ náà, owó rẹ̀ kò sì ga jù. Inú pọ́ọ̀dù tí èèyàn á máa rà lójoojúmọ́ ni èrè wà.

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ronú àtira ẹ̀rọ yìí ṣe ìṣirò kan kó tó kówó sílẹ̀. Tí pọ́ọ̀dù kan bá jẹ́ pẹ́ńsì 45 ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kọfí inú rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 5, igba pọ́ọ̀dù ló máa pé kílò kan. Pọ́n-ùn 90 nìyẹn fún kílò kọfí kan, ó sì ju owó kọfí gidi tí wọ́n ń wọ̀n tà lọ fíìfíì. Ìrọ̀rùn la ń sanwó fún, kò sì sí aburú níbẹ̀, kí èèyàn ṣáà mọ̀ pé ìrọ̀rùn lòun ń rà.

Ìgbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 2012, ìwé àṣẹ Nestlé, tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe irú pọ́ọ̀dù rẹ̀, ti ń parí lọ́kọ̀ọ̀kan. Gaillard fúnra rẹ̀ ti fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pọ́ọ̀dù tó bá ẹ̀rọ Nespresso mu sílẹ̀ lọ́dún 2008. Lọ́dún 2013, ilé ẹjọ́ gíga ní England dá ilé iṣẹ́ Dualit láre nígbà tí Nestlé pè é lẹ́jọ́ lórí irú pọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pọ́ọ̀dù oríṣiríṣi fi kún orí àtẹ sùpámákẹ́ẹ̀tì lónìí. Àmọ́ lọ́dún 2014, Nespresso gbé irú ẹ̀rọ mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, Vertuo. Kì í fi pọ́ǹpù ti omi gba inú kọfí bíi ti àtijọ́. Ńṣe ló ń fi pọ́ọ̀dù pòòyì, tó lè tó ìgbà 7,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń ka àmì tí wọ́n tẹ̀ sí etí pọ́ọ̀dù kó tó ṣiṣẹ́. Pọ́ọ̀dù ti àtijọ́ kò lè wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè irú pọ́ọ̀dù tó ń lò, àti iye ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú rẹ̀.

Ìdajì ìṣẹ́jú nínú ẹ̀rọ

Ẹ mú pọ́ọ̀dù kan, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Alumíníọ̀mù tín-ín-rín ni, kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù kan lọ. Kọfí inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 5 sí 6. Wọ́n ti lọ kọfí náà, wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ti lé ọ́síjìn kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fi fọ́ìlì dé e. Afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rinrin ló ń ba kọfí lílọ̀ jẹ́, alumíníọ̀mù kò sì gba ìkankan nínú wọn láyè. Pọ́ọ̀dù lè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọ̀pọ̀ oṣù kó má yí padà, nígbà tí kọfí lílọ̀ tí a ti ṣí ọ̀rá rẹ̀ á ti máa ṣá láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Tí ẹ bá fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́ta á gún ẹ̀yìn pọ́ọ̀dù. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, omi tó sún mọ́ 90 Celsius á sì gba ojú ihò mẹ́ta yẹn wọlé. Fún ìgbà díẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan kó kán. Omi ń rin kọfí lọ́wọ́ ni, afẹ́fẹ́ ń fún pọ̀ nínú ibẹ̀, fọ́ìlì iwájú sì ń wú bọ̀ síta, ó ń fara ti àwo irin kan tó ní ṣóńṣó kéékèèké lójú. Nígbà tí agbára náà bá pọ̀ tó, àwọn ṣóńṣó yẹn á ya fọ́ìlì ní ojú púpọ̀, espresso á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Fọ́ìlì tó dé kọfí náà pa ló tún wá di asẹ́ tó ń sẹ́ ẹ. Ẹ wo fọ́ìlì pọ́ọ̀dù tí ẹ bá ti lò, ẹ ó rí àmì onígun mẹ́rin tó tò lẹ́sẹẹsẹ, tí kálukú ní ojú ihò tirẹ̀. Iṣẹ́ ọgbọ́n gidi ni, ó sì ń wú mi lórí.

Wọ́n sábà máa ń kọ bar 19 gàdàgbà sára páálí ẹ̀rọ. Ibi tí agbára pọ́ǹpù lè dé nìyẹn, kì í ṣe agbára tó ń kan kọfí. Ẹ má torí nọ́ńbà yẹn fi owó kún owó.

Omi, iná àti ọwọ́ tó ń tẹ bọ́tìnnì

Ohun tó ń ba kọfí pọ́ọ̀dù jẹ́ jù nílé ni kí èèyàn tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì lórí pọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, kí ife lè kún. Mílílítà 40 ni wọ́n ṣe pọ́ọ̀dù espresso fún. Ohun tó ń dùn nínú kọfí ló kọ́kọ́ ń bá omi jáde. Èyí tó ń korò, tó sì ń fa ẹnu pọ̀, ẹ̀yìn ló ń tẹ̀ lé e. Omi kejì yẹn, ìkorò ló ń lọ kó wá. Ẹni tó bá fẹ́ kọfí púpọ̀, kó po espresso rẹ̀ tán, kó wá bu omi gbígbóná tàbí mílíìkì sí i. Ó tún dára kí ẹ kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan láìfi pọ́ọ̀dù sí i, kí omi gbígbóná ṣan ẹ̀rọ náà, kó sì mú ife móoru. Mílílítà 40 kì í pẹ́ tutù nínú ife tútù.

Omi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn èèyàn wa tó ń gbé Peckham tàbí Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù mọ funfun líle tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù. Àpáta ẹfun ló wà lábẹ́ ilẹ̀ púpọ̀ ní gúúsù ìlà-oòrùn England, omi tó bá sì gba inú rẹ̀ kọjá máa ń kó kalíṣíọ̀mù bọ̀, ó di omi tí ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé Glasgow kò mọ wàhálà yẹn, torí omi tiwọn rọ̀. Ọ̀nà tí omi ń gbà nínú ẹ̀rọ kọfí tóóró púpọ̀, funfun yẹn a sì máa dí i díẹ̀díẹ̀: kọfí á máa tutù, á máa jáde ní ìkán-ìkán, pọ́ǹpù á sì máa pariwo. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ nù pé ó ti bàjẹ́, nígbà púpọ̀, àìfọ̀ inú rẹ̀ ni. Oògùn tó ń yọ funfun náà wà lọ́jà. Tẹ̀lé ohun tí ìwé ẹ̀rọ bá sọ, kí o sì fi omi lásán ṣàn án dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò fẹ́ kí a lo fínígà, torí ó lè ba rọ́bà inú ẹ̀rọ jẹ́, òórùn rẹ̀ kì í sì í tètè lọ.

Fún ẹni tó fẹ́ fi irú ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́ sílé, ọ̀rọ̀ iná ṣe kókó. Volt 120 ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà fún, volt 230 sì ni iná Nàìjíríà. Tí wọ́n bá kì í bọ ògiri ní Ìbàdàn bẹ́ẹ̀, ó ti jóná nìyẹn. Èyí tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èyíkéyìí nínú wọn, nígbà tó bá ń gbé omi kaná, sábà máa ń fa iná tó ju watt 1,200 lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò pé watt 1,000 kò sì lè gbé e.

Ọ̀rọ̀ káfíìnì kò gùn. Ife espresso kan láti inú pọ́ọ̀dù ní nǹkan bíi mílígíráàmù 60. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sọ lọ́dún 2015 pé àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè mu tó 400 lójúmọ́ láìséwu, kí aboyún má ju 200 lọ. Káfíìnì kan náà ló wà nínú obì, nítorí náà ẹni tó ń jẹ obì kó kà á mọ́ ti kọfí. Pọ́ọ̀dù tí wọ́n fi robusta sí, irú kọfí tí wọ́n ń gbìn ní àgbègbè Kàbà, a máa ní káfíìnì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti arabica, ìfófó rẹ̀ a sì máa ki.

Níbo ni pọ́ọ̀dù ń lọ?

Lọ́dún 2016, ìjọba ìlú Hamburg ní Jámánì fi òfin de fífi owó ìlú ra ẹ̀rọ kọfí oní-pọ́ọ̀dù, torí pàǹtí. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, John Sylvan, tó wà lára àwọn tó dá Keurig, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pọ́ọ̀dù ike, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti sọ fún ìwé ìròyìn The Atlantic pé nígbà mìíràn òun máa ń kábàámọ̀ pé òun ṣe pọ́ọ̀dù ike náà rárá.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2023, àwọn olùwádìí Yunifásítì Québec ní Chicoutimi, ní Kánádà, fi oríṣi ọ̀nà mẹ́rin tí èèyàn ń gbà po kọfí wéra. Wọ́n rí i pé gbígbin kọfí fúnra rẹ̀ ló ń dá kún èéfín tó ń mú ayé gbóná jù, ju ohun tí wọ́n dì í sí lọ. Ẹni tó ń fi asẹ́ po kọfí, tó ń bu púpọ̀ sí i, tó tún ń da èyí tó ṣẹ́ kù nù, lè ba nǹkan jẹ́ ju ẹni tó ń lo pọ́ọ̀dù lọ. Mo gba àbájáde yẹn gbọ́, àmọ́ kò sọ alumíníọ̀mù inú garawa pàǹtí di ohun tó dára. Iná tí wọ́n fi ń tún alumíníọ̀mù lò kéré sí èyí tí wọ́n fi ń yọ tuntun jáde nínú ilẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó máa ń dùn mí tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá lọ sí ààtàn, torí kì í jẹrà.

Ní Britain, ètò Podback, tí Nestlé àti Jacobs Douwe Egberts dá sílẹ̀ lọ́dún 2021, ń fún èèyàn ní ọ̀rá tí wọ́n á kó pọ́ọ̀dù sí, wọ́n sì ń tún alumíníọ̀mù àti ike lò. Ẹ béèrè bóyá ó dé àdúgbò yín, kí ẹ sì ya ike àti alumíníọ̀mù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi tí kò bá sí irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ ya fọ́ìlì, ẹ gbọn gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí sínú ìdọ̀tí tí ẹ ń kó jọ fún ajílẹ̀, ẹ fi omi ṣan ife alumíníọ̀mù náà, kí ẹ kó o jọ fún àwọn tó ń ra àlòkù irin tí ó bá ti pọ̀.

Pọ́ọ̀dù irin tí èèyàn lè máa tún kì tún wà, ó sì bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti àtijọ́ mu. Kọfí tó bá wu ẹ́ lo máa bù sí i, owó rẹ̀ sì máa ń rọjú gan-an. Ṣùgbọ́n kọfí náà gbọ́dọ̀ kúnná tó ti espresso, kó má sì kúnná jù kó má baà dí omi lọ́nà; gíráàmù 5 ni kó o bù sí i, kó o tẹ̀ ẹ́ lé díẹ̀, kó o nu etí rẹ̀ mọ́ kó o tó dé e. Omi tó bá ń dà gba ẹ̀gbẹ́ jáde, etí tí kò mọ́ ló fà á. Tí espresso bá tú jáde wàrà, tó sì rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kọfí náà kò kúnná tó. Tí kò bá kán rárá, tètè dá ẹ̀rọ dúró, kó o ṣí i nígbà tó bá tutù.