Owó Ìjọba àti Iná Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga: Agbè Tí Ń Jò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí agbè bá ń jò, a kì í sáré lọ pọn omi mìíràn kún un. Ihò ara rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wá dí. Agbè yìí ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní àwọn yunifásítì wa.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ tí ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà (NERC) gbé owó ẹyọ iná kan fún àwọn oníbàárà ìpele Band A láti ₦68 sí ₦225. Àwọn yunifásítì wà nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá. Ọgbà tí ó ń san mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà tẹ́lẹ̀ wá rí ìwé owó iná tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, láìjẹ́ pé ó tan gílóòbù kan lé e. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ ibi tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń sọ̀ sí: bí kò bá di owó tuntun tí a ní kí a wá san, yóò di òkùnkùn.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ pé ìjọba kò káwọ́ gbera. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ ta ìwé ẹ̀yáwó kan, ó fi kó ₦10.69 bílíọ̀nù jọ, pé iṣẹ́ tí kò ní ba afẹ́fẹ́ jẹ́ ni òun yóò fi ṣe. Nínú rẹ̀ ni a ti mú owó fún ètò tí àjọ tí ń rí sí iná ìgbèríko (REA) ń bójú tó, láti fún àwọn yunifásítì ní ilé-iṣẹ́ iná tiwọn. Ní ọdún 2019 ni wọ́n ṣí èyí tí ń lo agbára oòrùn ní Yunifásítì Bayero ní Kánò, mẹ́gáwáàtì 7.1. Ifẹ̀ àti Èkó wà nínú ìpele kìn-ín-ní. Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta wà nínú ìpele kejì, èyí tí owó Báǹkì Àgbáyé wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá ni èyí, n kò sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n omi tuntun ni a ń pọn sínú agbè. Ihò ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ti gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan. Bí ó bá ní àádọ́ta gílóòbù gígùn àtijọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 40, tí wọ́n ń tàn fún wákàtí mẹ́jọ, ẹyọ iná 16 ni, ìyẹn ₦3,600 lójúmọ́ ní iye owó ti 2024. Bí a bá fi gílóòbù LED oníwáàtì 18 rọ́pò wọn, ẹyọ 7.2 ni, ₦1,620. Fún igba ọjọ́ ẹ̀kọ́, gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ti fi ₦396,000 pamọ́. A kò tí ì dé orí fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù o! Iná tí a kò jẹ kò sì ní béèrè bátìrì tí a ó fi tọ́jú rẹ̀ di alẹ́.

Kí ló dé tí a kì í ṣe é? Lójú tèmi, àpò méjì ló fà á. Ní ọdún 1993 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó-orí ẹ̀kọ́ nínú èrè àwọn ilé-iṣẹ́, àjọ tí ó sì ń jẹ́ TETFund láti 2011 ti fi irú owó bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé lóríṣiríṣi fún wa. Àpò ìkọ́lé nìyẹn. Àpò mìíràn ni ilé-ẹ̀kọ́ ti ń san owó iná. Ẹni tí ń kọ́lé kò ní san owó iná rẹ̀, nítorí náà ohun tí ó bá dínwó lọ́jà ni yóò rà. Agbaṣẹ́ṣe á gba owó rẹ̀ lọ. Àwọn tí ó jókòó sínú ilé náà ni yóò máa san ìyókù fún ọgbọ̀n ọdún.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ya àwòrán àwọn ọgbà wa àkọ́kọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Maxwell Fry àti Jane Drew ṣe àwọn ilé Ìbàdàn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì dá ihò sí ara ògiri kí atẹ́gùn lè gba inú wọn kọjá. Ní Ifẹ̀, Arieh Sharon mú kí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí ilé máa ṣíji bo ara rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi lónìí, a ti dí irú ihò wọ̀nyẹn kí ẹ̀rọ amúlétutù lè ṣiṣẹ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ìbànújẹ́ ni.

Àwọn kan ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, àwọn olùdìbò California ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin Proposition 39, tí ó yí ọ̀nà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń san owó-orí padà. Fún ọdún márùn-ún, wọ́n ya apá kan nínú owó tí ó wọlé sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ bíi pípààrọ̀ gílóòbù àti ẹ̀rọ amúlétutù ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ owó náà ní láti kọ́kọ́ fi ìwé owó iná rẹ̀ hàn, kí ó fi ìṣirò hàn pé iṣẹ́ náà yóò mú owó rẹ̀ padà, lẹ́yìn náà kí ó jábọ̀ ohun tí ó rí.

Irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀ kò ju agbára wa lọ. Ibùdó ìjọba tí ń ṣe ìwádìí lórí ṣíṣọ́ agbára lò wà nínú ọgbà Yunifásítì Èkó fúnra rẹ̀. Bí TETFund bá lè ní kí a fi ètò iná ilé tuntun hàn kí òun tó san owó rẹ̀, tí ilé-ẹ̀kọ́ sì lè fi èyí tí ó bá ṣẹ́ kù tún òmíràn ṣe, àpò méjèèjì á di ọ̀kan.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá, mo ka gílóòbù gbọ̀ngàn tí a jókòó sí. Méjìlélógójì ni, swíìṣì méjì péré ni ó ń tan gbogbo wọn. Ẹni kan tí ó bá fẹ́ kàwé ní igun, ìdajì ilé ni yóò tàn fún un.