Ọ̀dà Tó Ba Kíndìnrín Àwọn Ọmọ Queensland Jẹ́

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀, àrùn kíndìnrín ń pa àwọn ọ̀dọ́ ní Queensland, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ju bó ṣe ń pa ẹgbẹ́ wọn ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù lọ. Ilé tí wọ́n dàgbà sí ló fà á.

Pákó ni wọ́n fi ń kọ́lé ní Brisbane, olú ìlú Queensland, nígbà náà. Wọ́n á gbé ilé sórí òpó, wọ́n á wá fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbàrágàdà yí i ká nítorí ooru. Ọ̀dà tí wọ́n fi òjé pò ni wọ́n ń kùn sára àwọn igi tí wọ́n fi ṣọgbà ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Bí oòrùn bá pa ọ̀dà yìí títí, á di lẹ́búlẹ́bú bí ẹfun. Ibẹ̀ gan-an làwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Tí òógùn tàbí ìrì bá mú kí ọwọ́ wọn tutù, lẹ́búlẹ́bú á lẹ̀ mọ́ ìka wọn. Ọmọ tó bá ń fa àtàǹpàkò mu, tàbí tó ń gé èékánná jẹ, òjé ló ń gbé mì yẹn.

Dókítà A. Jefferis Turner àti J. Lockhart Gibson, tó jẹ́ oníṣègùn ojú, ló ń rí àwọn ọmọ náà: inú ń run wọ́n, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń rọ, ojú òmíràn sì yí sódì. Lọ́dún 1904, Gibson kọ ọ́ síwèé pé ọ̀dà ara ilé ni. Ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà. Ọdún 1922 ni ìjọba tó ṣòfin tó de irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Ọdún méjìdínlógún! Èmi ò rí àwíjàre kankan fún un.

Ọmọ tí inú rẹ̀ ti dákẹ́ kò tíì bọ́. Inú egungun ni òjé máa ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ ló sì ti ń yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kíndìnrín tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ á máa bà jẹ́ láìsí ìrora, títí yóò fi súnkì. Lọ́dún 1929, Dókítà Nye ké gbàjarè lórí àrùn kíndìnrín tó ń pa àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tó di 1954, Dókítà Henderson tọpasẹ̀ èèyàn 352 tí òjé ti ṣe ní kékeré: 165 ti kú, àrùn kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn náà ló yẹ egungun àwọn tí àrùn kíndìnrín pa wò, ó sì bá òjé níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2007 bá òjé tó pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà nígbà náà. Ẹ̀yin òbí, bí ọ̀dà àtijọ́ bá ń ṣí lára ògiri tàbí fèrèsé yín, ẹ má fi bébà ìhagi ha á ní gbígbẹ. Ẹ fomi rin ín kí ẹ tó ha á kúrò, ẹ kó àwọn ọmọ jìnnà síbẹ̀, kí ẹ sì máa fọ ọwọ́ wọn kí wọ́n tó jẹun.