Ṣé O Mọ̀? Fàdákà Tó Wẹ̀wù Wàrà

Ṣé o mọ̀ pé ohun tó ń ṣù di wàrà, èyí tí o ń rà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, làwọn kan fi ń bo fàdákà? Casein lorúkọ rẹ̀. Inú mílíìkì ló wà. Omi bomubomu ló ń mú un ṣù.

Ṣé o mọ bí fàdákà ọ̀hún ṣe kéré tó? Pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan: ẹyọ kan níbẹ̀ ni nánómítà. Irun orí kan fẹ̀ tó 80,000. Fàdákà yìí kì í tó 100.

Ṣé o mọ ìdí tí kì í fi í wà níhòòhò? Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò lẹ̀ mọ́ra, yóò ṣù, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Pọ́límà ló ń là á láàárín: èròjà wínníwínní tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí òwú. Ọ̀rá tí wọ́n ń di omi sí, pọ́límà ni. Casein náà, pọ́límà ni.

Ṣé o mọ̀ pé ara ìkòkò amọ̀ ni wọ́n ń kun fàdákà yìí sí? Fernando Mazariegos, ará Guatemala, ló gbé irú ìkòkò asẹ́mi bẹ́ẹ̀ jáde ní 1981. Wọ́n á po amọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun tí ayùn ń kù sílẹ̀ nídìí pákó, wọ́n á mọ ọ́n, wọ́n á sun ún. Iná á jẹ ìyẹ̀fun náà tán, ihò tójú ò lè rí á kù lára amọ̀. Ìgbà náà ni wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kun fàdákà sí i tinú tòde. Omi á máa kán tó, tó, tó, bíi lítà kan sí méjì ní wákàtí kan. Ihò ń dá kòkòrò àrùn dúró, fàdákà ń pa èyí tó bá fẹ́ yọ́ kọjá.

Ṣé o mọ̀ pé Nàìjíríà ni Ron Rivera, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ àwọn amọ̀kòkò kárí ayé níṣẹ́ yìí, ti kó ibà tó pa á ní 2008? Ó dùn mí púpọ̀.

Ìlà pupa tó ń yọ nínú ìdánwò ibà ńkọ́? Wúrà ni. Wúrà tó bá kéré bíi fàdákà yẹn, pupa ló ń rí.

Ṣé o mọ̀ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbájé Lateef àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, ti fi èèpo obì ṣe fàdákà bẹ́ẹ̀? Wọ́n pò ó mọ́ ọ̀dà ìkunlé, kòkòrò àrùn ò sì lè hù níbẹ̀. Ọdún 2016 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde.

Ẹ̀yin onímọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá àwọn ìyá amọ̀kòkò Òkè-Ògùn jókòó nítorí ìkòkò asẹ́mi yìí, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ tó mú kànga gbẹ dé ẹrẹ̀.